Àbúrò Ẹyẹlé

Gbogbo àdúgbò ló mọ Ìyá Agbẹ̀bí, nítorí ó ṣòro kéèyàn rí ilé kan ní òpópónà náà tí kò ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kàn láyé. Ó ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn títí orúnkún rẹ̀ fi kọ ìnàró, kó tó fẹ̀yìn tì. Bí géńdé kan bá ń ṣe fọ́ńté níwájú rẹ̀ lónìí, yóò rán an létí pé òun lòun gbá a nídìí kó tó mọ̀ pé ó yẹ kóun ké.

Ohun tó dun ìyá yìí ni pé ọwọ́ tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo ayé kò rí ọmọ-ọmọ tirẹ̀ gbà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin. Wẹ́dà ni, ó ń jó irin mọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó fẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tíṣà. Wọ́n fẹ́ra tán, ilé tòrò, ìfẹ́ wà, ṣùgbọ́n oyún kò dúró. Wọ́n lọ síhìn-ín, wọ́n lọ sọ́hùn-ún, àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí. Nígbà tó yá, Tíṣà ní ó tó gẹ́ẹ́, ara òun kì í ṣe ilé ìwé tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, tọkọtaya náà jókòó ti Ìyá Agbẹ̀bí ní pálọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé láti ìgbà tí àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀ ti di òkè tí orúnkún rẹ̀ kò lè gùn mọ́. Wẹ́dà ló sọ̀rọ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní àwọn fẹ́ gba ọmọ tọ́. Ó ní ọmọ náà wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, níbi tí ogun ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìlóbìí, ọmọbìnrin ni, ó sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìyá Agbẹ̀bí gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó béèrè bóyá ọmọ ti tán nílùú àwọn ni. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé àwọn ti tò sórí ìlà níhìn-ín títí ó fi sú àwọn, pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún náà ń wá òbí, ọmọ sì ni ọmọ.

"Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ lọ gbé," ni ìyá wí. "Ẹ ò mọ baba rẹ̀, ẹ ò mọ ìyá rẹ̀, ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀. Tó bá dàgbà tó wá ní kẹ́ ẹ mú òun lọ sílé òun ńkọ́?"

"Màmá," ni Tíṣà dáhùn, "á ti wà nílé nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ náà pin síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán nínú ẹnì kankan. Tíṣà kò rí ìyá ọkọ rẹ̀ fín, oúnjẹ ń dé sórí tábìlì lásìkò, ó ń kí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Àmọ́ kò bá a tàkúrọ̀sọ mọ́. Ìyá Agbẹ̀bí mọ̀ ọ́n lára, agídí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó tọrọ àforíjì.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún padà lọ. Ìrìn àjò kejì ni wọ́n mú ọmọ náà dé. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ tóbi ju ìyókù ara rẹ̀ lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó yí ọrùn sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó wo àga, ó wo fèrèsé, ó wo Ìyá Agbẹ̀bí láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé ẹsẹ̀ kan wọlé bí ẹni tó ń wò ó bóyá ilẹ̀ ń jóná. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹyẹlé gan-an ló ṣe ń rìn. Orúkọ tó mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ẹyẹlé kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sunkún, kò ké, kò fọ́ nǹkan. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí ló ń jókòó sí. Wẹ́dà ti fi irin dáradára ṣe bẹ́ẹ̀dì fún un, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Bó ṣe máa ń dùbúlẹ̀ lé e kò yàtọ̀ sí ti aláìsàn tí wọ́n ní kó má mira. Àwọn ará àdúgbò tó wá wò ó ń yìn ín pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ nìyí. Ìyá Agbẹ̀bí nìkan ni kò yìn ín. Ó ti rí ọmọ púpọ̀ láyé, èyí tó dákẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ wò.

Nígbà tí ìsinmi tí Tíṣà gbà níbi iṣẹ́ parí, tí ilé ìwé kò sì tíì lè gba Ẹyẹlé nítorí èdè, ó ku ìyá àgbà àti ọmọ nílé. Ìyá Agbẹ̀bí sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ti fẹ̀yìn tì, pé òun kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kejì ló ti ń bá ọmọ náà ya irun.

Gbogbo ọjọ́ ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń ròyìn orúnkún rẹ̀ fún un, ó ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò lẹ́yìn, ó ń júwe bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí Wẹ́dà béèrè pé kí ló ń bá ẹni tí kò gbọ́ èdè sọ, ìyá ní ọmọ tuntun wo ló ti ń gbọ́ èdè lọ́jọ́ tó délé ayé, ṣebí gbogbo wọn làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Ẹyẹlé ń tẹ̀ lé e kiri láti yàrá dé kíṣìnnì, kò fọhùn, etí rẹ̀ nìkan ló là sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ní èdè ilé ni "Ó tì." Kò yani lẹ́nu, nítorí òun ni ìyá àgbà ń sọ jù lọ láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Ẹyẹlé wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlò fún ohun gbogbo. Bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, á ní ó tì, á sì fa àga sún mọ́ tábìlì. Bí wọ́n bá ní kó lọ wẹ̀, á ní ó tì, á sì máa bọ́ṣọ. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ wo ojú ara wọn rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Agbẹ̀bí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ náà, ó sì dúró. Ẹyẹlé ti fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìrọ̀rí, ó gbé e lé èjìká, ó rọra ń gbá a lẹ́yìn. Ìyá kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Ó tún wò ó dáadáa. Ọmọdé tó bá ń fi ọmọláńgidi ṣeré máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ ni, á máa wọ́ ọ nílẹ̀. Èyí fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìrọ̀rí náà ró níbi tí orí ì bá wà. Nígbà tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí ọrùn ì bá wà, bí ẹni ń wò ó bóyá ara gbóná. Ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ fún un ṣáá, lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyá Agbẹ̀bí padà lọ jókòó. Ẹni tó ń ṣe báyìí ti tọ́ ọmọ jòjòló rí, kì í ṣe pé ó kàn wò ó níran.

Obìnrin kan wà tó ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn tí ìyá ti ṣiṣẹ́, orílẹ̀-èdè tí Ẹyẹlé ti wá lòun náà ti wá nígbà èwe. Ẹ-pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn, òun ló fi ń kíni, òun ló fi ń dúpẹ́, òun náà ló fi ń bínú. Ìyá Agbẹ̀bí pè é lórí fóònù, ó ní kó jọ̀ọ́ kó yà wá ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ tí kò bá níṣẹ́.

Ẹ-pẹ̀lẹ́ gbé ọsàn wá. Ó jókòó, ó yíjú sí ọmọ náà, ó kí i lédè wọn. Ẹyẹlé dúró gbagidi. Ó wo ẹnu obìnrin náà bí ẹni tí kò gba etí rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ó sọ, ó sọ, kò sinmi. Ẹ-pẹ̀lẹ́ kò bó ọsàn tó mú dání mọ́.

Nígbà tó tó àsìkò, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń sọ fún ìrọ̀rí, "Kékeré" ni ìtumọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn. Bàbá wọn ti bá ogun lọ. Ìyá wọn kú sórí ìkúnlẹ̀ àbúrò náà. Aládùúgbò kan ń fún wọn ní wàrà, Ẹyẹlé ló sì ń gbé e, òun ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, títí wọ́n fi kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Kékeré ti ń rìn tàgétàgé nígbà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Olùtọ́jú ibẹ̀ sọ fún Ẹyẹlé pé ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, pé bó bá dákẹ́ tí kò sunkún, yóò rí i.

"Ó ní nígbà táwọn ọmọ yín wá mú òun," ni Ẹ-pẹ̀lẹ́ wí, "òun rò pé ọ̀dọ̀ Kékeré ni wọ́n ń mú òun lọ. Ó ní òun ò tíì sunkún o. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ó ti tó."

Ìyá Agbẹ̀bí na ọwọ́, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ìyẹn sì dúró síbẹ̀ láìmira, ó ń retí èsì.

Nígbà tí Wẹ́dà àti Tíṣà dé láti ibi iṣẹ́, ìyá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí Ẹ-pẹ̀lẹ́ ṣe sọ ọ́. Wẹ́dà fò dìde, ó ní ọ́fíìsì tó bá wọn ṣètò ọmọ náà gbọ́dọ̀ rí pupa ojú òun. Tíṣà wọ kíṣìnnì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí fi ọ̀pá tilẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," ni Tíṣà wí láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa ní ká mú òun lọ sílé òun. Ọjọ́ náà ló tètè dé yìí."

"Mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ò yẹ kí n sọ ni." Ìyá jókòó sórí àpótí. "Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ló ń béèrè, ìyàwó mi. Àbúrò rẹ̀ ló ń béèrè."

"Bó bá rí i tó bá ní òun ò padà wá mọ́ ńkọ́? Bí àwọn tó gbà á bá ní ká kó àwọn méjèèjì fáwọn ńkọ́?"

Ìyá Agbẹ̀bí ní, "Mo ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó ń kú lọ. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi tó sì dì í mú náà ni ọmọ máa ń mọ̀ níyàá, n ò tíì rí èyí tó kọ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá parọ́ fún, bó pẹ́ bó yá, á mọ̀. Wọ́n ti pa èyí kan fún un ná. Ẹ má jẹ́ ká fi tiwa kún un."

Tíṣà pa ẹ̀rọ omi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Nígbà tó yíjú padà, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́ bá òun pe Ẹ-pẹ̀lẹ́ padà, òun fẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́ fún ọmọ náà lójú òun.

Wọ́n sọ ọ́ fún un. Wọ́n ní kì í ṣe ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Kékeré lọ, tọkọtaya tó wá gbé e ló gbà á tọ́, àwọn kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn máa wá a. Wọ́n tún ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹkún. Ẹyẹlé wo Tíṣà, ó wo Ẹ-pẹ̀lẹ́, ó la ẹnu. Ẹkún tó jáde níbẹ̀ kò kéré. Ó sun ún títí àwọn aládùúgbò fi yọjú, tí Wẹ́dà ń bẹ̀ wọ́n pé kò sí láburú. Tíṣà gbé e mọ́ àyà gbogbo àsìkò náà, kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Nígbà tó tán, ọmọ náà jẹ ìrẹsì tó yẹ kí gbogbo ilé jẹ, ó sì sùn fọnfọn, gbogbo ara rẹ̀ nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì náà nílẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun lọ máa jó irin rẹ̀, ìbínú kò lè yanjú èyí. Ó pè wọ́n, ó béèrè ibi tí Kékeré wà. Obìnrin tó gbé fóònù lọ́hùn-ún sọ pé àwọn kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ọkàn ọmọ má bàa pín. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún pè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó béèrè ìbéèrè kan náà lóhùn kan náà. Bó ṣe máa ń ṣe nínú kíláàsì nìyẹn, ọmọ tí kò bá ṣe iṣẹ́ àmúrelé kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó pe títí, ó sú wọn, wọ́n gbà láti bá a jíṣẹ́ fún ìdílé kejì, wọ́n ní ó dọwọ́ àwọn yẹn bóyá wọ́n á dáhùn.

Wọ́n dáhùn. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé, téèyàn á wọ rélùwéè láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Aṣebúrẹ́dì ni obìnrin náà, ọkọ rẹ̀ sì ń wa rélùwéè. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn náà pé Kékeré lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Lórí fóònù, Aṣebúrẹ́dì kò tíì kí Tíṣà tán tó fi béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa ni?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó ní bí obìnrin yìí ṣe ń bẹ̀rù òun, bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́ títí bátìrì fóònù fi kú.

Gbogbo ilé ló lọ. Ìyá Agbẹ̀bí ní bó bá gba kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì òun wọ inú rélùwéè, òun ò ní jókòó sílé. Wẹ́dà ti fi irin jó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ọmọkùnrin náà, ó wúwo ju ẹni tó fẹ́ gùn ún lọ, gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bá a gbé e.

Orí ilé búrẹ́dì ni ìdílé náà ń gbé, ooru ààrò ń gba abẹ́ pákó ilẹ̀ wọlé, gbogbo pálọ̀ ń ta sánsán búrẹ́dì gbígbóná. Kékeré wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó sá sẹ́yìn Aṣebúrẹ́dì, ó di aṣọ rẹ̀ mú. Ẹyẹlé pè é ní orúkọ tó ń pè é. Kò dáhùn. Ó tún un pè. Ọmọkùnrin náà gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, ó fi èdè ìlú náà, tí gbogbo wọn gbọ́, béèrè pé ta nìyẹn.

Tíṣà ti fẹ́ dìde, Ìyá Agbẹ̀bí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹyẹlé yíjú sí ìyá àgbà. "Ṣé òun ni?"

"Òun ni."

"Ó ti sanra."

"Ó ń jẹ búrẹ́dì dáadáa," ni ìyá dáhùn.

Ẹyẹlé wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí i pé ó wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ó wọ ti òsì sí ọ̀tún. Ó rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó tú u, ó pààrọ̀ rẹ̀. Kékeré kò sá. Kó má bàa ṣubú, ó gbé ọwọ́ lé orí ẹni tó ń bá a wọ bàtà, kò sì tètè gbé e kúrò. Aṣebúrẹ́dì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú. Nígbà tó yá, wọ́n gbé búrẹ́dì wá. Kékeré ya tirẹ̀ sí méjì, ó wo ńlá, ó wo kékeré, ó na èyí tó kéré sí Ẹyẹlé. Awakọ̀ rélùwéè ní kí wọ́n má bínú, ahun ni ọmọ òun.

Nínú rélùwéè, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ẹyẹlé fara ti Tíṣà, ó ń wo ìta. Ó ní, "Kò mọ̀ mí."

"Kò mọ̀ ẹ́ lónìí," ni Tíṣà wí. "A máa tún lọ."

"Nígbà wo?"

"Tí wọ́n bá ti gba ọlidé."

Wọ́n sì lọ. Ọlidé kan, wọ́n á lọ, ọlidé kejì, àwọn ará ibẹ̀ á wá. Kékeré kò rántí ohunkóhun nípa ìgbà àtijọ́, ó sì ṣeé ṣe kó má rántí rẹ̀ láé. Àmọ́ ó mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan tí ń gbé níbi tí rélùwéè ń lọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti Ẹyẹlé bó bá wà níbẹ̀. Ẹ-pẹ̀lẹ́ ń wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ láti kọ́ Ẹyẹlé ní èdè tó ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tíṣà náà ń jókòó síbẹ̀ kọ́ ọ, Ẹ-pẹ̀lẹ́ sì ti sọ fún Ìyá Agbẹ̀bí ní bòókẹ́lẹ́ pé nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kò tíì rí olórí kunkun bíi ti olùkọ́ yìí. Ẹyẹlé wọ ilé ìwé. Ó ń ka ìwé dáadáa, ó ń fò, ó ń sáré, ìṣirò nìkan ni kò yé e, gbogbo àdúgbò sì ń fi Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Agbẹ̀bí jókòó lójú fèrèsé. Ẹyẹlé àti ọmọ aládùúgbò kan ń jà nítorí bọ́ọ̀lù níta. Ọ̀rọ̀ gbóná, Ẹyẹlé gbá àyà, ó ní, "Màmá mi á wá bá ẹ nílé yín! O ò tíì mọ màmá mi!"

Kò tíì pe Tíṣà ní màmá rí. Ìyá pe Tíṣà láti kíṣìnnì, ó sọ fún un ohun tí òun gbọ́. Tíṣà béèrè pé kí ló fa ìjà náà. Ìyá ní òun kò bi wọ́n. Tíṣà ní ìjà kò dára rárá, òun gbọ́dọ̀ lọ bẹ ìyá ọmọ yẹn. Ó wọ sálúbàtà, ó jáde, ó lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì padà dé. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ lálọ tàbí lábọ̀.